Èkó sí Àkrà: Wákàtí Mélòó Ni Ìrìn Àjò Náà?

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra aṣọ ní Gánà wá tà ní Tẹ́júoṣó àti Mùṣin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ṣòwò. A máa ń gbọ́ tí ẹ ń wí pé, “Wákàtí kan péré ni bàálù ń gbà.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan.

1. Jíjìn ọ̀nà. Láti pápá ọkọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé ti Àkrà tó 400 kìlómítà, ìyẹn nǹkan bí 250 máìlì. Bàálù ńlá lè sáré 800 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tó bá fi èyí ṣírò yóò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàálù ní láti gòkè, kí ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan.

2. Agogo ìlú méjèèjì. Agogo Èkó fi wákàtí kan ṣáájú ti Àkrà. Bí bàálù bá gbéra ní Ìkẹjà ní agogo 10 àárọ̀, tó sì lo wákàtí kan, agogo 10 náà ni yóò bá ní Àkrà. Nígbà àbọ̀ ńkọ́? Bó bá gbéra ní Àkrà ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, agogo 6 ni yóò balẹ̀ l'Ékòó. Ìyá kan nínú wa gbàgbé èyí, ó ní kí onímọ́tò wá pàdé òun ní agogo 5. Onímọ́tò dúró títí, ó bínú lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá sanwó ọkọ̀ lórí ẹrù kan ṣoṣo.

3. Ohun tí kò sí nínú wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú agogo Èkó: ẹ kúrò ní Mùṣin ní agogo 6, ẹ dé Ìkẹjà ní 7 bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá pọ̀, bàálù gbéra ní 10, ó balẹ̀ ní 11, ẹ wọ ọjà ní 12 ààbọ̀. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ nìyẹn o!

4. Ọ̀nà ilẹ̀. Ó gba Sẹ̀mẹ̀, Kọ̀tónù àti Lomé, ẹnubodè mẹ́ta, ó sì lé ní 450 kìlómítà. Ó lè gba odidi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n mọ́tò ń gbé ẹrù ńlá. Bàálù ní tirẹ̀, kílò ni wọ́n fi ń wọn ẹrù, èyí tó bá lé, ẹ ó sanwó lé e. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ lọ wo aṣọ, kó sì tètè padà, lè wọ bàálù. Ẹni tó fẹ́ kó ìdì aṣọ púpọ̀, kó gba ti ilẹ̀ rò.

Ìbéèrè fún ìpàdé: bàálù gbéra ní Àkrà ní agogo 1 ààbọ̀ ọ̀sán, ó lo ìṣẹ́jú 50. Agogo mélòó ló balẹ̀ l'Ékòó? Ẹ mú ìdáhùn yín wá. Owó ẹgbẹ́ ni à ń ná, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa ká tó gbéra nílé.