Ahọ́n Ni Adájọ́: Títọ́ Kọfí Wò Nínú Ilé

Ọgbọ́n kí a fi ẹnu mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun jíjẹ kan àti èkejì kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àgbàlagbà Ifẹ̀ tí a bá gbé àwo obì kalẹ̀ níwájú rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un èyí tí í ṣe àbàtà àti èyí tí í ṣe gbànja. Ojú rẹ̀ yóò rí i pé awẹ́ méjì péré ni gbànja ní, àti pé awẹ́ àbàtà a máa tó mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí sí ohun tí ojú rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó mọ ẹmu í mu yóò tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, yóò sì sọ bóyá ti ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀, bóyá ti òwúrọ̀ yìí ni tàbí ti àná, àti bóyá ẹnì kan ti bu omi là á.

Ṣùgbọ́n èso kan wà tí ó ń hù lórí ilẹ̀ wa, tí àwọn àgbẹ̀ wa ń ká, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n sì ń tà, tí púpọ̀ nínú wa kò tíì fi ahọ́n ṣe ìdájọ́ rẹ̀ rí. Èso náà ni kọfí. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, àwọn kan a ní ohun mímu òyìnbó ni, àwọn mìíràn a ní ohun kíkorò lásán ni, àwọn ẹlòmíràn a sì ní èyí tí ó wà nínú agolo nìkan ni ojúlówó. Bí a bá bi wọ́n léèrè irú èyí tí wọ́n ti tọ́ wò, a ó rí i pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, àti pé mílíìkì àti ṣúgà ti bò ó mọ́lẹ̀ kí ó tó dé ẹnu wọn. Àwọn àgbà sì ti wí pé, a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a pe kọfí mẹ́rin jọ sórí tábìlì kan, kí a sì gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí a tó gbọ́ ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ìdílé tí wọ́n ti wá. Ọmọ Áfíríkà ni kọfí í ṣe. Irú rẹ̀ tí a ń pè ní àrábíkà ti ilẹ̀ olókè Etiópíà wá. Láàrin 1400 sí 1500, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yemen ti ń mu ún láti fi lé oorun lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àìsùn àdúrà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni ó ti dé ọwọ́ àwọn òyìnbó. Ìdí nìyí tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, fi sọ ọ́ lórúkọ ilẹ̀ wọn ní 1753, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Irú kejì ni ròbọ́sítà. Inú igbó ńlá Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá ń pe kọfí ní àlejò, ará ilé ni ó ń pè ní àjèjì.

Àrábíkà fẹ́ òkè àti òtútù. Ròbọ́sítà fara da ooru àti ilẹ̀ tí kò ga. Ilé-Ifẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju 300 mítà lọ láti ojú òkun, nítorí náà ẹni tí ó bá gbin kọfí sáàrin kòkó àti obì ní oko Ifẹ̀, ròbọ́sítà ni kí ó gbìn. Òun náà ni àwọn àgbẹ̀ Èkìtì, Oǹdó àti agbègbè Kàbbà ń gbìn. Òun ni ó sì wà ní agbègbè Atakpamé ní Tógò, níbi tí àwọn ìbátan wa tí ń pe ara wọn ní Ifẹ̀ ń gbé. Bí a bá ń wá àrábíkà ti Nàìjíríà, àfi kí a lọ sí orí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, tí ó ga ju 1,500 mítà lọ. Ìwádìí lórí kọfí wà lára iṣẹ́ tí a gbé lé Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà lọ́wọ́, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964.

Ife kìíní tí a ó gbé kalẹ̀ ni ròbọ́sítà ti ilẹ̀ wa. Èkejì ni àrábíkà Mambilla. Ẹ̀kẹta ni kọfí alágolo, tí ó ń yòrò sínú omi gbígbóná láìní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀; Nescafé, tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ nínú irú èyí, jáde ní Switzerland ní 1938. Ẹ̀kẹrin ni kọfí Touba ti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, tí a ń yan pọ̀ mọ́ ẹ̀ẹ̀rù, àní ẹ̀ẹ̀rù kan náà tí àwọn ìyá wa ń lò fún aṣèjẹ àti àgbo. Àwọn ọmọlẹ́yìn Ṣéù Amadou Bamba, tí àwọn Faransé lé lọ sí ìgbèkùn ní Gabon láti 1895 títí di 1902, gbà pé òun ni ó mú ọgbọ́n náà bọ̀ wálé.

Kọfí tútù kò ṣe é mu. Àfi kí a yan án. Kí a da ẹ̀kún ife kan sínú agbada gbígbẹ lórí iná tí kò le jù, kí a sì máa rò ó láìdúró, bí ẹni ń yan ẹ̀pà. Yóò kúrò ní àwọ̀ ewé, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí guguru. Ní àkókò yìí ooru inú rẹ̀ ti tó nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí títa náà bá ti rọlẹ̀ yóò rí adùn èso náà; ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó dúdú bí èédú, èédú ni yóò mu, kò sì ní mọ kọfí Mambilla yàtọ̀ sí ti Èkìtì mọ́. Kí a jẹ́ kí ó sinmi di ọjọ́ kejì, kí a wá lọ̀ ọ́, kí ó rí bí gàárì tí kò kúnná jù.

Ìdọ́gba ni ìpìlẹ̀ ìdájọ́ òdodo. Kí àwọn ife jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Kí a wọn kọfí lílọ̀ 8 gíráàmù sínú ife kọ̀ọ̀kan fún omi 150 mìlílítà. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n lè lo ṣíbí ìjẹun ńlá kan tí ó kún rìbìtì. Ti alágolo nìkan ni ó yàtọ̀: ṣíbí tíì kan tó fún un. Kí a jẹ́ kí omi hó, kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí a sì dà á sí gbogbo ife náà ní àkókò kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí a fi ṣíbí tú ìfóòfó tí ó bo ojú rẹ̀, kí a sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tí ó bá lọ́ wọ́rọ́wọ́, kí a bu ṣíbí kan, kí a sì fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo, kí afẹ́fẹ́ lè gbé e ká gbogbo ẹnu. Níhìn-ín nìkan ni a fi àyè gba ọmọlúwàbí láti mu nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí a fi omi lásán yọ́ ẹnu kí a tó kan ife mìíràn. Kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì.

Òfin kan ṣì kù, òun ni ó sì ṣòro jùlọ nínú ilé Yorùbá. Kí a kọ àmì sí ìdí àwọn ife, kí a pa wọ́n pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mọ èwo ni èwo; kí olúkúlùkù sì kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bí Bàbá bá kọ́kọ́ wí pé, “Èyí dára,” ta ni nínú àwọn ọmọ tí yóò wí pé kò dára?

Kí ni ahọ́n yóò wí? Àrábíkà a máa fúyẹ́ lẹ́nu, a sì ní ìkan díẹ̀ bí ọsàn tí ó pọ́n, pẹ̀lú òórùn tí ń ta sánsán. Ròbọ́sítà wúwo, ó korò jù ú lọ, a sì máa rántí ẹ̀pà yíyan àti kòkó. Kaféènì, èròjà tí ń lé oorun lọ tí Runge ará Jámánì yọ jáde lára kọfí ní 1819, wà nínú ròbọ́sítà ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àrábíkà. Òun kan náà ni ó wà nínú obì. Kọfí Touba a máa ta ahọ́n, òórùn ẹ̀ẹ̀rù rẹ̀ a sì jọ ti ilé ìyá àgbà. Ti alágolo a máa korò láìní òórùn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ròbọ́sítà ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ kọfí alágolo àgbáyé. Ẹni tí ó kọ ròbọ́sítà ilé tí ó ń yin agolo, ọmọ ìyá kan náà ni ó ń yìn tí ó sì ń bú.

Ẹ̀wẹ̀, ahọ́n a máa fi ẹ̀ṣẹ̀ hàn pẹ̀lú. Kọfí tí a ká ní àìpọ́n a máa fa ahọ́n, a sì rùn bí koríko. Èyí tí a sá sórí ilẹ̀ lásán a máa ní òórùn erùpẹ̀. Èyí tí kò gbẹ tán a máa bu. Èyí tí a kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tàbí epo kẹrosíìnì a máa gba òórùn wọn. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó ká kọfí lára igi kan náà, kí ó sá apá kan sórí ilẹ̀, kí ó sá apá kejì sórí àtẹ tí ó ga, títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju nǹkan bí 12 lọ nínú 100, kí ó sì tọ́ méjèèjì wò. Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé igi kò jẹ̀bi. Ọwọ́ tí ó tọ́jú èso ni ó jẹ̀bi.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ahọ́n ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ owó. Ohun púpọ̀ ni. Láti 1977 títí di 1986, Àjọ Kòkó ti Nàìjíríà ni ó ń bójú tó títà kòkó, kọfí àti tíì. Nígbà tí ìjọba pa àjọ náà rẹ́, àgbẹ̀ àti oníbàárà di ojú kojú. Ní 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń díwọ̀n iye kọfí tí wọ́n ń tà wó lulẹ̀, owó kọfí sì já wálẹ̀ káàkiri ayé. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ wa kẹ̀yìn sí oko kọfí. Oníbàárà òkè òkun a máa tọ́ kọfí wò kí ó tó sọ iye tí yóò san. Bí oníbàárà bá wí pé, “Kọfí rẹ kò dára,” àgbẹ̀ tí kò tọ́ ọ wò rí kò ní èsì. Ohun tí a bá fún un ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti tọ́ ọ wò yóò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́; bí ó bá jẹ́ òótọ́, yóò mọ ibi tí yóò tún ṣe.

Àròkọ yìí kò rọ ọmọdé láti di ọ̀mu kọfí. Ṣíbí díẹ̀ tó fún ìdánwò, ọ̀sán sì ni kí a ṣe é, kí oorun òru má bàa fò lọ. Ohun tí a ń wí ni pé kí a má ṣe gba ìdájọ́ ẹlòmíràn lórí ohun tí ọwọ́ wa gbìn, nígbà tí Ọlọ́run ti fi adájọ́ sí ẹnu olúkúlùkù.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ilẹ̀ tí àrábíkà fẹ́ àti èyí tí ròbọ́sítà fẹ́?
2. Kí ni ìdí tí ó fi yẹ kí olúkúlùkù kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀?
3. Ṣàlàyé bí òwe “A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà” ti bá ọ̀rọ̀ kọfí mu.
4. Kọ àròkọ lórí bí ìwọ yóò ti fi irú ọ̀nà yìí ṣe ìdájọ́ láàrin gàárì mẹ́ta láti ọjà mẹ́ta.