ỌMỌ OLÓRÍKUNKUN ÀTI ILÉ TÓ TI JÁDE WÁ

Kà: 1 Àwọn Ọba 1:5–10, 2 Sámúẹ́lì 14:28–33
Àkọ́sórí: Kólósè 3:21

Dáfídì tó pa Gòláyátì kò lè bá ọmọ tirẹ̀ wí. Láti kékeré ni Ádóníjà ti ń ṣe ohun tó wù ú, bàbá rẹ̀ kò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí. Ti Ábúsálómù yàtọ̀. Ọdún 2 ló fi gbé Jerúsálẹ́mù láìfojú kan bàbá rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Jóábù lẹ́ẹ̀mejì, Jóábù kò dá a lóhùn. Nígbà tó dáná sun oko ọkà Jóábù, kíá ni Jóábù dé! Ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ ni pé bí òun bá ba nǹkan jẹ́, wọ́n á gbọ́ tòun. Ọmọ kan kò rí ìbáwí, èkejì kò rí ojú bàbá, àwọn méjèèjì ló sì dìtẹ̀.

Olùfẹ́, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Gerald Patterson, kọ ìwé lórí irú ẹ̀kọ́ yìí ní 1982. Wò ó báyìí: ìyá ní kí ọmọ lọ pọnmi, ọmọ kọ̀. Ìyá pariwo, ọmọ náà pariwo, ó fi abọ́ lulẹ̀. Ó rẹ ìyá, ó gbé garawa fúnra rẹ̀. Lọ́la, ariwo ni ọmọ yẹn yóò kọ́kọ́ pa. Lọ́jọ́ mìíràn ìyá fa pàṣán yọ, ọmọ dákẹ́. Ìyá náà gbà pé pàṣán nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ìjà ṣe ń gbilẹ̀ nínú ilé nìyẹn.

Ní Ìwòyè-Kétu tiwa yìí, bàbá lè máa ṣiṣẹ́ ní òdìkejì ibodè, kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ohun tí bàbá kọ̀ fún un ní Sátidé, ìyá àgbà á fún un ní Mọ́ńdè. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó korò: ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, tó gbọ́ tí bàbá ń sọ fún aṣọ́bodè pé gàrí ló wà nínú àpò, tó sì mọ̀ pé ìrẹsì ni, kí ni yóò ka òfin ilé sí?

Kì í ṣe gbogbo oríkunkun ni àìsàn. Àwọn dókítà kì í pè é bẹ́ẹ̀ àfi bí ìbínú, awuyewuye àti àfojúdi bá ti ń bá a lọ fún oṣù 6 ó kéré tán, tí kì í sì í ṣe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan ló ń ṣe é sí. Wọ́n bí àwọn ọmọ mìíràn ní onínúfùfù. Ẹ má di ẹ̀bi gbogbo ru ìyá wọn. Bó bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta ti wà láti 1954. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti pè é ní ẹlẹ́mìí òkùnkùn kí wọ́n sì dè é mọ́lẹ̀. Ní 2019, Human Rights Watch ròyìn àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní Nàìjíríà. Ọmọ ọdún 10 wà nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lára àwọn ibi náà. Ó dùn mí gan-an.

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ yìí, kí bàbá, ìyá àti ìyá àgbà fẹnu kò lórí òfin méjì péré. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ má sì yí i padà nítorí ẹkún. Bó bá ṣe é, ẹ yìn ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àdúrà: Bàbá, nítorí ọmọ mi yìí (dárúkọ rẹ̀), fún mi ní sùúrù láti bi í léèrè lónìí, kí n sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.