Omi Tútù Etíkun Gánà àti Ẹ̀ẹ̀rùn Kékeré Inú Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ yín sí ìkáwọ́ rẹ̀ lónìí, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí ní kí n kọ ohun kan, mo mọ̀ pé ìwàásù ni wọ́n ń retí. Ìwàásù mi kò wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kí ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kọ́ nípa òjò àti òkun ni mo mú wá, nítorí pé ọ̀ràn kan rú mi lójú láti ìgbà èwe mi ní Ṣàrẹ́, mo sì ti di àgbà kí n tó rí ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀ràn náà nìyí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní ìgbà méjì mẹ́ta, yóò gbin àgbàdo. Iṣu ti wà nínú ebè ṣáájú. Títí di oṣù keje, òjò a máa rọ̀ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹjọ bá dé, òjò a fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀run kì í mọ́. Ìkùukùu a bo gbogbo òkè, oòrùn kì í ràn, òtútù a máa mú ènìyàn ní òwúrọ̀, síbẹ̀ ẹ̀kán omi kan kì í bọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ó wà lókè, kò sí ẹni tí ń retí òjò. Ṣùgbọ́n báwo ni ìkùukùu yóò ṣe kún ojú ọ̀run tí òjò kò ní rọ̀? Ní ọdún kan, bàbá mi tètè gbin àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì ní ìparí oṣù keje. Ó hù dáradára. Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré yìí dé, ó pẹ́ ju bí ó ti máa ń pẹ́ lọ, gbogbo àgbàdo náà sì gbẹ mọ́ ilẹ̀. Ìyá mi ta aṣọ òkè méjì kí owó ilé-ẹ̀kọ́ mi fún sáà tí ó tẹ̀lé e tó pé.

Ìdí méjì ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fún un. Èkíní ni ó tóbi jù: ìgbànú òjò ńlá tí ń bá oòrùn rìn ti kọjá wa lọ sí òkè ọya ní àkókò náà, òun ni Sókótó àti Kánò fi ń rí òjò tiwọn. Èkejì ni n kò gbọ́ rí kí n tó pé ẹni àádọ́ta ọdún. Afẹ́fẹ́ tí ń gbé òjò wá fún wa láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, orí òkun ni ó ń gbà kọjá. Bí ojú òkun bá tutù, afẹ́fẹ́ tí ó kàn án yóò tutù pẹ̀lú, yóò sì wúwo, kò ní lè gòkè. Ìkùukùu pẹrẹsẹ ni irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dá. Kò lè dá èyí tí ń ga, tí ń bí òjò. Ìkòkò tí ń hó lórí iná ni oru rẹ̀ ń ga dé àjà. Àmù omi tútù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ń rí ẹ̀ẹ̀rùn kékeré yìí ju Ìlọrin lọ, bí a bá sì ti ń sún mọ́ Odò Ọya ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Etí rẹ̀ ni àwa wà. Nítorí náà ni ó fi ń mú wa ní ọdún kan, tí kì í mú wa ní òmíràn.

Níbo ni òkun ti ń tutù? Ẹ fi ojú inú wo máàpù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti Cape Palmas, nítòsí ààlà Làìbéríà àti Côte d'Ivoire, etíkun nà lọ sí ìlà-oòrùn, ó kọjá Abidjan, ó kọjá Cape Three Points ní Gánà, ó dé Tema, ó gba Lomé àti Cotonou kí ó tó kan Badagry. Ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, omi ojú òkun níbẹ̀ máa ń wà láàárín 27 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní nǹkan bí oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, ní etíkun Côte d'Ivoire àti Gánà, ó ń lọ sílẹ̀ ju 25 lọ. Ìsàlẹ̀ òkun ni omi tútù náà ti ń rú wá sókè, ó sì ń gbé èròjà tí ewéko tíntìntín inú omi ń jẹ bọ̀ wá sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ẹja sardinella, tí ó jẹ́ ìbátan ṣáwá tí a mọ̀ lọ́jà, ń tẹ̀lé oúnjẹ náà, àwọn apẹja Gánà sì ń tẹ̀lé ẹja. Ní 1972 wọ́n pa á ní àpajù, kò sì pẹ́ tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì. Ní etíkun tiwa, rírú omi yìí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé omi odò tí kò níyọ̀, èyí tí Odò Ọya ń dà sínú òkun, fúyẹ́, ó sì lé téńté bí ìdérí lórí omi iyọ̀. Òjò tí ó rọ̀ sí Ṣàrẹ́ wà lára ìdérí náà.

Kí ni ń gbé omi ìsàlẹ̀ wá sókè? Ní 1893, Fridtjof Nansen ará Norway mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí yìnyín há ọkọ̀ rẹ̀, Fram, mọ́ inú òkun Àríwá. Ó ṣàkíyèsí pé yìnyín náà kì í bá afẹ́fẹ́ lọ tààrà. Ó ń yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Vagn Walfrid Ekman ará Sweden ni ó fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1905. Nítorí pé ayé ń yí, omi tí afẹ́fẹ́ ń tì, bí a bá pa ìpele rẹ̀ pọ̀, ọwọ́ ọ̀tún afẹ́fẹ́ ni ó ń lọ ní ìhà àríwá ayé. Ẹ jẹ́ kí a wá dúró ní Tema, kí a kọjú sí ìlà-oòrùn, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ wa lẹ́yìn. Ilẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì wa, òkun ní ọwọ́ ọ̀tún. Omi ojú òkun yóò yà sí ọ̀tún, yóò fi etíkun sílẹ̀, omi ìsàlẹ̀ yóò sì gòkè wá dí àyè rẹ̀.

Ìbá dára bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn afẹ́fẹ́ etíkun Gánà, wọ́n rí i pé kò lágbára tó láti dá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà tí omi gbóná sí ìgbà tí ó tutù. Wọ́n yẹ ìṣàn omi wò. Ìṣàn tí à ń pè ní Guinea Current ń lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun yìí. Ìhà kan náà ni àwọn Sàró kọjú sí nígbà tí wọ́n ti Freetown padà wá sí Badagry ní 1839. Bí ìṣàn náà bá yára, omi tútù a sún mọ́ òkè ní ìhà etíkun, pàápàá lẹ́yìn àwọn orí ilẹ̀ tí ó yọ sínú òkun. Síbẹ̀, ó kù. Ní 1978, àwọn onímọ̀ kan, lára wọn James O'Brien ará Amẹ́ríkà àti Joël Picaut ará Faransé, dá àbá kan: pé afẹ́fẹ́ tí ó le sí i ní apá ìwọ̀-oòrùn òkun Àtìláńtíìkì, ní ìhà Brazil, ń rán ìgbì kan gba orí ìlà ìdajì ayé wá sí Áfíríkà. Ojú kò lè rí ìgbì náà, nítorí pé omi tútù abẹ́lẹ̀ ni ó ń gbé sókè. Ó lè gbà á ní oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó la òkun já, kí ó sì yà sí etíkun. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí èyí tí ó lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi rò pé gbogbo wọn ni ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọn afẹ́fẹ́ nìkan, tàbí tí ó dúró sí Tema nìkan, kò lè mọ̀ ọ́n láé.

Nípa ìwọ̀n wíwọ̀n, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ní 1974, olùkọ́ wa gbé ìgò òṣùwọ̀n òjò sí ẹ̀yìn kíláàsì, ó ní kí a máa kà á ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kàn mí, òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òdo láìdé ìdí ìgò náà. Ní òru ọjọ́ kẹrin, òjò wẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ̀ nígbà tí mo ti sùn. Òdo ni mo kọ. Olùkọ́ ti kà á ṣáájú mi. Kò nà mí. Ó fa ìlà pupa sórí òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní, "N kò mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ mọ́ nínú wọn. Ìbá sàn kí o fi àyè sílẹ̀ lófìfo." Ní ọdún kan náà, ọkọ̀ òkun bí ogójì láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi Dakar ṣe ibùdó, wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́ àti omi Àtìláńtíìkì. Bí mo bá mọ̀ ni, ojú ìbá tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti mọ ìgbóná òkun ni kí a fi korobá fa omi, kí a ti tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire, àwọn kan ṣe èyí lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò sì mọ orúkọ wọn. Ní ti ìṣàn omi, ohun èlò kan wà tí ń rán ìró sínú omi. Ìró náà ń ta padà lára ohun wẹ́wẹ́ tí omi ń gbé lọ, yíyípadà tí ó sì yí padà ni a fi ń mọ ìyára omi, gẹ́gẹ́ bí fèrè mọ́tò ti ń yí ohùn padà bí ó bá kọjá lára wa. Láti 1997, Faransé, Brazil àti Amẹ́ríkà ti ń pawọ́ pọ̀ lórí iṣẹ́ tí à ń pè ní PIRATA. Bọ́ì ńláńlá ni wọ́n fi okùn gígùn dè mọ́ ìsàlẹ̀ òkun. Wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́, òjò, oòrùn, àti ìgbóná omi dé mítà 500 nísàlẹ̀, wọ́n sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì.

Sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ń wo ìgbóná ojú òkun láti òkè, ṣùgbọ́n ìkùukùu inú oṣù kẹjọ tí mo sọ yẹn ń dí ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú ní àkókò tí a nílò wọn jù. Bọ́ì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹja fẹ́ràn láti kó jọ sábẹ́ ohun tí ó bá léfòó, nítorí náà àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń ba ohun èlò rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá dákẹ́, àyè òfìfo a wà nínú àkọsílẹ̀ títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi dé ibẹ̀.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó wọlé, àjọ NiMet ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn kékeré yóò ti gùn tó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbóná òkun sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Àbúrò mi tí ó ń ro ilẹ̀ bàbá wa báyìí ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó bi mí léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni òkun Gánà fi kan oko wa?" Mo ṣe àlàyé tí mo ṣe fún yín yìí. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní ní ọdún tí wọ́n bá sọ pé yóò gùn, òun yóò fi ẹ̀wà sí ilẹ̀ àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì náà, nítorí pé ẹ̀wà kì í bèèrè omi púpọ̀.