Kí Ni Ẹ̀fọ́ Ń Wá Nínú Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀?



Ní ìsinmi tó kọjá, dókítà fún bàbá àgbà mi ní oògùn warfarin kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà máa dì níbi tí kò yẹ. Ó kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣàdédé jẹ ẹ̀fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n má sì ṣàdédé pa á tì. Bàbá yíjú sí mi: "Ìwọ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ni ẹ̀fọ́ ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀?" Mi ò rí èsì fọ̀. Nígbà tá a wọlé, mo bi olùkọ́ Biology wa, mo sì lọ kàwé sí i. Ohun tí mo rí nìyí.

Fítámì K pọ̀ nínú ẹ̀fọ́. Ẹ̀dọ̀ wa ló ń ṣe àwọn pròtéènì tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì bí a bá fara gbọgbẹ́. Mẹ́rin nínú wọn, ìyẹn factor II, VII, IX àti X, kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí fítámì K. Ẹ́ńsáìmù kan ló ń lò ó láti fi carbon dioxide kún wọn lára, kí wọ́n lè di calcium mú. Àmọ́ bó bá ti lò ó tán, fítámì náà ò wúlò mọ́, àfi kí ẹ́ńsáìmù kejì, VKOR, sọ ọ́ dọ̀tun.

Níbo ni VKOR wà nínú sẹ́ẹ̀lì? Èmi kọ́kọ́ pariwo pé, "Mitochondria!" torí òun lẹnu wa mọ́ jù. Mo ṣì í o. Inú awọ endoplasmic reticulum ló wà, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ méjì.

Àkọ́kọ́, fítámì K kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yòrò, ọ̀rá ló sì pọ̀ nínú awọ yẹn. Èkejì, ibẹ̀ ni pròtéènì tó ń lọ sínú ẹ̀jẹ̀ máa ń gbà kọjá. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú. Wọ́n ní láti lọ aṣọ kó tó jáde. Bí iná èédú bá wà ládùúgbò kejì ńkọ́? Áyọ́ọ̀nù á ti tutù kó tó padà dé. Fítámì K ni áyọ́ọ̀nù, VKOR ni iná. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló yẹ kí wọ́n wà.

Warfarin ló ń da omi síná yẹn. Bí Bàbá bá wá jẹ ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ lójijì, fítámì K tuntun á ya wọlé, agbára oògùn á dínkù, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bí wọ́n bá pa ẹ̀fọ́ tì, oògùn á lágbára jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya lára wọn.

Mo pe Bàbá lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ó dáa. Màá sọ fún ìyá àgbà ẹ kó máa fi ṣíbí kan náà bù ú."

Bí ẹnì kan bá ń lo oògùn yìí nílé yín, ẹ má sọ pé kó dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni kẹ́ ẹ bi.