Ìrànlọ́wọ́ Akẹẹgbẹ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ tí Wọ́n Fipá Bá Lòpọ̀

Bí wọ́n bá fipá bá akẹ́kọ̀ọ́ kan lòpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ta ni ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe òbí. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni, tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lọ sí kíláàsì. Òbí lè wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Adó-Èkìtì nígbà tí ọmọ wà ní Gwagwalada tàbí Bwari, ní agbègbè olú-ìlú wa Àbújá. Ohun tí ọ̀rẹ́ yìí bá sọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ lè ṣí ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀, ó sì lè dí i pa.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ilẹ̀ wa ṣe ní ọdún 2014 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn UNICEF fi hàn pé ọ̀kan nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, àti ọ̀kan nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ni wọ́n ti hu ìwà ipá ìbálòpọ̀ sí kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Púpọ̀ nínú wọn ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A jẹ́ pé àwọn kan ti gbé ọgbẹ́ náà wọ yunifásítì. Nígbà tí wọ́n bá sì dé ibẹ̀, ìbẹ̀rù mìíràn tún wà, nítorí ẹni tó fẹ́ hùwà ibi lè jẹ́ olùkọ́ tí yóò máàkì ìdánwò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n lórí ìbálòpọ̀ tí ó béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó fún un ní máàkì. Ohùn rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbà sílẹ̀ lórí tẹlifóònù ni ó tú àṣírí.

Ìrànlọ́wọ́ akẹẹgbẹ́ ni kí àwọn tí ọjọ́ orí àti ipò wọn jọra máa ran ara wọn lọ́wọ́. Kì í ṣe àṣà tuntun. Ní ọdún 1972, àwọn obìnrin ní ìlú Washington, ní Amẹ́ríkà, dá ibùdó kan sílẹ̀ níbi tí obìnrin ti ń gbọ́ ẹjọ́ obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Nílé wa níhìn-ín, ní oṣù Kejì ọdún 2019, Fakhrriyyah Hashim bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tí wọ́n ń pè ní ArewaMeToo, tí àwọn obìnrin ìhà Àríwá fi ń sọ ohun tí ojú wọn ti rí. Bí ẹnì kan ti ń sọ tirẹ̀ ni ẹlòmíràn ń mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan.

Ṣùgbọ́n ṣáájú ọ̀rọ̀ ìtùnú, ẹ jẹ́ kí a sọ ti àkókò, nítorí àkókò kì í dúró de ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn yìí. Oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá, ọjọ́ 28 ni a sì fi ń lò ó. Oògùn tí ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe tètè lò ó tó ni ó ṣe ń dára tó. Dókítà yóò tún wo ti àwọn àrùn mìíràn tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn ẹ̀dọ̀. Ó dára kí ẹni náà má tíì wẹ̀, kí a sì kó aṣọ tí ó wọ̀ sínú àpò oníbébà, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Bí ó bá ti wẹ̀ ńkọ́? Kí ó ṣì lọ. Ìtọ́jú ara kò gbọdọ̀ dúró de ìwé ọlọ́pàá.

Ní Àbújá, ibùdó Awyetu wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Bwari fún irú ìtọ́jú yìí. Ní Èkó, Mirabel Centre ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà láti ọdún 2013. Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ni láti bá a lọ, kí ó jókòó tì í, kí ó sì mú aṣọ ìpààrọ̀ dání.

Kí ni kí ọ̀rẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀: “Mo gbà ọ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Kí lo fẹ́ kí a ṣe báyìí?” Kò yẹ kí ó béèrè pé “Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?” tàbí “Aṣọ wo lo wọ̀?” Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti ro ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní kíkún. Ẹni tí wọ́n ti gba agbára ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀rẹ́ bá tún wá ń pinnu fún un, irú ọgbẹ́ kan náà ni ó ń tún dá sí i lára. Kí ọ̀rẹ́ má ṣe lọ bá afurasí jà, kí ó má sì gbé ọ̀rọ̀ náà sí ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì, ì báà ṣe pẹ̀lú èrò rere. Àṣírí ni. Ìgbà kan ṣoṣo tí a fi lè pe ẹlòmíràn láìgba àṣẹ ni ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, bí àpẹẹrẹ, bí ẹni náà bá ń sọ pé òun yóò pa ara òun.

Ní ti òfin, ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, tí a mọ̀ sí VAPP. Ó múlẹ̀ tààrà ní Àbújá. Àwọn ìpínlẹ̀ ní láti ṣe tiwọn. Ìfipábánilòpọ̀ lè sọni sí ẹ̀wọ̀n gbére lábẹ́ rẹ̀, ó sì dáàbò bo ọkùnrin pẹ̀lú, kókó tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin kò mọ̀. Ó fún ẹni tí wọ́n ṣe ibi sí ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ara, ti ọkàn àti ti òfin. Àjọ NAPTIP ni ó ń mójú tó o ní Àbújá, nọ́ńbà ìpè wọn sì ni 627.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ariwo bá ti rọlẹ̀, ni àìsùn, àlá burúkú àti pípa kíláàsì jẹ máa ń hàn síta. Bí ìwọ̀nyí bá ju oṣù kan lọ, ó ti di ọ̀ràn onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ, kì í ṣe ti akẹẹgbẹ́ mọ́. Nítorí ìdí èyí ni kò fi yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kàn yan akẹ́kọ̀ọ́ sí iṣẹ́ yìí láìkọ́ wọn, láìsì sí agbaninímọ̀ràn àgbà tí wọ́n lè máa rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ irú ìtàn báwọ̀nyí lóru, tí ó sì ní ìdánwò láàárọ̀, nílò ẹni tí òun náà yóò bá sọ̀rọ̀.