Ọmọ Tí Gbogbo Yunifásítì Ń Fẹ́

Bí igi bá so èso dídùn, gbogbo ẹyẹ oko ni yóò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Wọn yóò máa kọrin lórí ẹ̀ka rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, bí ẹni pé nítorí ìfẹ́ igi ni wọ́n ṣe wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí èso bá tán, tàbí tí ìjì bá ṣẹ́ ẹ̀ka, nígbà náà ni a óò mọ ẹyẹ tí ó fẹ́ràn igi yàtọ̀ sí èyí tí ó fẹ́ràn èso. Ìtàn ọmọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Marcus Dupree, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí Ọlọ́run fi ẹ̀bùn kan jíǹkí fi etí sílẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Philadelphia. Kì í ṣe Philadelphia ńlá tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Àwọn ènìyàn inú èyí kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni a bí Marcus sí ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, ọdún 1964. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, àwọn ẹgbẹ́ búburú tí a ń pè ní Ku Klux Klan pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní ẹ̀bá ìlú náà. James Chaney, Andrew Goodman àti Michael Schwerner ni orúkọ wọn. Ohun kan ṣoṣo tí a rí kà sí wọn lọ́rùn ni pé wọ́n ń jà kí àwọn aláwọ̀ dúdú lè ní ẹ̀tọ́ àti máa dìbò. Láti ìgbà náà, bí a bá ti dárúkọ ìlú yìí, ìtìjú ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn àwọn ènìyàn.

Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni Marcus, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1969, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Mississippi dẹ́kun àti máa ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ funfun. Nígbà tí ẹgbẹ́ Marcus bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọdún 1970, wọ́n wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ní ìlú náà tí dúdú àti funfun jọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé òpin.

Bọ́ọ̀lù ni ó sọ Marcus di olókìkí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí a ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá sínú àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà rí bí ẹyin, ọwọ́ ni a sì fi ń gbé e sáré. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, pápá wọn sì gùn tó 100 yáàdì. Ìhà kan yóò máa gbìyànjú láti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà tí ó wà ní òpin pápá. Ìhà kejì yóò máa fi gbogbo agbára dí wọn lọ́nà, wọn yóò sì máa gbé ẹni tí ó mú bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀. Ẹni tí ó bá kọjá ìlà náà ti gba àmì mẹ́fà fún ìhà tirẹ̀. Iṣẹ́ Marcus ni láti gba bọ́ọ̀lù kí ó sì sáré. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ó wúwo ju 220 pọ́n-ùn lọ, síbẹ̀ ó ń sáré bí ẹtu. Kí ó tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, ó ti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ní ìgbà 87, ó sì fi ẹyọ kan lékè 86 tí Herschel Walker ti ìpínlẹ̀ Georgia ní ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń sáré, dúdú àti funfun ní Philadelphia a jọ dìde, wọn a jọ hó yèè. Ohun tí òfin àti ìwàásù ń fi ipá ṣe, ẹsẹ̀ ọmọdé kan ń ṣe é fún wákàtí díẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì kì í jókòó de akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ eré í ṣe. Ńṣe ni wọ́n ń wá a lọ. Olúkúlùkù wọn ní àwọn olùkọ́ eré tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa rìn kiri láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n máa wo àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe eré, kí wọ́n sì máa kọ orúkọ àwọn tí ó dára jù lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tẹlifóònù yóò máa dún, àlejò yóò sì máa kan ilẹ̀kùn. Wọn yóò mú ọmọ náà lọ wo yunifásítì wọn láìná kọ́bọ̀. Ní ìgbà Marcus, ohun tí wọ́n ní láti fún un ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, pẹ̀lú ìwé, ilé gbígbé àti oúnjẹ. Nígbà náà, ní oṣù Kejì ọdọọdún ni àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú yunifásítì tí wọ́n bá yàn.

Láti ìparí ọdún 1981 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1982, Philadelphia kékeré kún fún irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ìwé pọ̀ lọ́dọ̀ Marcus bí ewé. Lucious Selmon, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ eré ti Yunifásítì Oklahoma, gba yàrá ní ilé àlejò kan ní ìlú náà, ó sì gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ọmọ yìí má ba à bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Willie Morris, òǹkọ̀wé kan tí òun náà jẹ́ ọmọ Mississippi, kọ odidi ìwé kan lórí ọ̀ràn náà, tí ó jáde ní ọdún 1983. Àkọlé tí ó fún un fi í wé ìgbà tí ọkùnrin ń dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin.

Àfiwé náà bá a mu gidigidi. Láyé àtijọ́, bí àwọn Yorùbá bá fẹ́ fi ọmọ fún ọkọ, wọn kì í wo aṣọ tí àfẹ́sọ́nà wọ̀ wá nìkan. Alárinà yóò lọ, alárinà yóò bọ̀. Àwọn àgbà ilé yóò wádìí ìran rẹ̀, wọn yóò béèrè bí wọ́n ti ń ṣe sí ìyàwó ní ilé náà nígbà àìsàn àti nígbà ìpọ́njú. Marcus jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà sì yí i ká, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni ó ní ohun tí wọ́n fẹ́ rí gbà. Níkẹyìn, ní oṣù Kejì ọdún 1982, ó fi ọwọ́ sí ìwé Oklahoma, ní ìlú Norman tí ó jìnnà sí ilé wọn ju 500 máìlì lọ.

Kí ni ohun tí ó wà nínú àdéhùn irú èyí ní ìgbà Marcus? Lákọ̀ọ́kọ́, láti ọdún 1973 ni òfin ti sọ pé ọdún kan péré ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà gbọdọ̀ wà fún. Bí ọdún bá yí po, yunifásítì lè tún un ṣe, ó sì lè kọ̀. Ọdún 2012 ni àyè tó tún wà láti ṣe é ju ọdún kan lọ. Lọ́nà kejì, ní ìgbà náà, bí ọmọ náà bá kúrò lọ sí yunifásítì mìíràn, ó ní láti jókòó fún ọdún kan gbáko láìbá wọn ṣe ìdíje. Ṣùgbọ́n olùkọ́ eré lè fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibòmíràn lọ́la. Lọ́nà kẹta, ní ìgbà náà, ọmọ náà kò gbọdọ̀ gba owó kankan nítorí eré tí ó ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń san owó láti wò ó.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ohun gbogbo dára. Marcus sáré ju 900 yáàdì lọ kí ọdún 1982 tó parí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1983, nínú ìdíje ńlá tí a ń pè ní Fiesta Bowl, ó sáré 239 yáàdì sí Arizona State, bẹ́ẹ̀ ni kò lò ju nǹkan bí ìdajì àkókò ìdíje náà lọ nínú pápá. Ṣùgbọ́n Oklahoma kò borí. Barry Switzer, olórí àwọn olùkọ́ eré, bá a wí ní gbangba pé ara rẹ̀ ti sanra jù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ì bá sáré ju bí ó ti ṣe lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ náà dé ọkàn. Ẹni tí a ti ń fi oyin bá sọ̀rọ̀ láti ọdún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọ́ ewúro wò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1983, lẹ́yìn ìdíje pẹ̀lú Texas, ó lọ sí ilé ní Mississippi, kò sì bá Oklahoma gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Ó lọ sí Yunifásítì Southern Mississippi, ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí ó ṣe ìdíje lójú ẹsẹ̀. Kò ní sùúrù láti dúró. Ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ New Orleans Breakers tí ń gbá bọ́ọ̀lù gba owó ní ọdún 1984. Ní oṣù Kejì ọdún 1985, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ti kó lọ sí Portland, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nínú ìdíje àkọ́kọ́ ọdún náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ẹsẹ̀ tí gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń sáré tọ̀ wá kò lè sáré mọ́. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1984 náà. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ẹjọ́ kan tí Yunifásítì Oklahoma àti ti Georgia pè, ó sì dá wọn láre pé yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè máa ta ẹ̀tọ́ àti fi ìdíje bọ́ọ̀lù wọn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà ni owó ti ń ya wọlé fún wọn bí odò. Àwọn tí ń sáré nínú pápá kò ní ìpín níbẹ̀. Ọdún 2021 ni a tó gbà wọ́n láyè láti máa fi orúkọ àti àwòrán ara wọn gba owó. Ọdún 2025 ni àwọn yunifásítì sì tó ní àṣẹ láti máa san owó fún wọn ní tààrà. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí Marcus kí ìyẹn tó dé.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà, dúdú àti funfun, ni ó ti tipa bọ́ọ̀lù di oníṣègùn, agbẹjọ́rò àti olùkọ́. Marcus pẹ̀lú bínú ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì fi ìwé sílẹ̀ kánkán. Ẹ̀wẹ̀, Switzer fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní ọjọ́ ogbó pé òun kò lo ọmọ náà bí ó ti yẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjà yìí, àgbà pọ̀, ṣùgbọ́n èrè ni ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn wà lára rẹ̀.

Ìyìn tọ́ sí Marcus fún ohun kan. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, tí gbogbo ènìyàn ti sọ pé ó parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe. Walter Payton, akọni eléré tí òun náà jẹ́ ọmọ Mississippi, gbà á níyànjú. Ní ọdún 1990 ó wọ ẹgbẹ́ Los Angeles Rams, ó sì bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún náà àti ọdún tí ó tẹ̀lé e. Kò sáré bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi oyin bẹ̀ ẹ́ ní ìgbà yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dìde. Nínú fíìmù kan tí a ṣe nípa rẹ̀ ní ọdún 2010, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń wà láti jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Amẹ́ríkà, àwọn tí ń dé ẹgbẹ́ tí ó ga jù lọ kò tó méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá wá yìn yín nítorí ẹsẹ̀ yín, tàbí ohùn yín, tàbí ọgbọ́n ìṣirò yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Bí mo bá ṣàìsàn, kí ni ẹ óò ṣe fún mi? Bí àdéhùn bá tán, kí ni yóò kù sí mi lọ́wọ́? Ta ni ó ti gba ọ̀nà yìí kọjá ṣáájú mi, níbo sì ni ó wà lónìí? Ẹni tí ó fẹ́ràn yín yóò dáhùn láìbínú. Ẹni tí ó bá bínú sí ìbéèrè náà, ó ti dáhùn tán.

Ìbéèrè

1. Èé ṣe tí orúkọ ìlú Philadelphia ti Mississippi fi jẹ́ orúkọ ìtìjú kí Marcus tó di olókìkí?
2. Ṣe àlàyé ohun mẹ́ta tí ó wà nínú òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìgbà Marcus. Èwo ni o rò pé ó le jù, èé sì ti ṣe?
3. Kí ni ìtumọ̀ òwe náà, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́”? Báwo ni ó ṣe bá ìtàn yìí mu?
4. Kọ àròkọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí: “Ọ̀pọ̀ àfẹ́sọ́nà kì í ṣe ọ̀pọ̀ olùtọ́jú.”