Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Le Náà Ní Kí Ẹ Gbé Lọ sí Ilé Ìwòsàn

Bí òbí bá pọn ọmọ, tó ń lọ sí ilé ìwòsàn, ohun tí aládùúgbò kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, "Kí ló ṣe ọmọ?" Ìbéèrè yìí fi ojú tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wo ilé ìwòsàn hàn. Lójú wa, ibi tí a ń sáré lọ ni nígbà tí ara ọmọ bá ti gbóná, tí àgbo kò ràn án, tí oògùn kẹ́míìsì kò sì ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní àdúgbò yín, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sẹ́ńtà, kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ló ni ín. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló ni ín, àti bàbá tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìkókó.

Ohun tí Ìmẹ̀sí-Ilé kọ́ ayé

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ibi tí èrò yìí ti gbilẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1956, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà, ibà àti àìjẹunrekánú ló ń pa ọmọ jù nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ohun tí a lè dènà kí ó tó wọlé.

Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣiṣẹ́ gba ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé lọ. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú kan níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọn kò dúró de àìsàn. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n náà sórí káàdì, wọ́n sì ń fa ilà láti àmì kan dé èkejì. Bí ilà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ilà bá lọ gbọọrọ láìgòkè, tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀, nǹkan ti ń ṣe ọmọ nìyẹn, ì báà máa rẹ́rìn-ín, ì báà máa ṣeré. Ohun tí ojú ìyá kò tíì rí, káàdì ti rí i.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni pé wọn kò ti káàdì náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ni wọ́n fún, nínú ọ̀rá, kí ó má baà rẹ, kí ó má sì ya. Wọ́n fọkàn tán an. Ìyá tí kò mọ ìwé kà pàápàá lè wò ó, kí ó sì mọ̀ bóyá ilà ọmọ òun ń gòkè. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló mú irú káàdì yìí lò lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá ní ọmọ kékeré, ọmọ-ọmọ káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni èyí tó wà nínú àpótí yín.

Ní ọdún 1988, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí òun náà jẹ́ dókítà ọmọdé, wà nípò mínísítà ètò ìlera, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde tó fi ìtọ́jú ìlera alábọ́dé ṣe ìpìlẹ̀ ètò ìlera Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí sẹ́ńtà ní àdúgbò, tí kò fi jẹ́ pé ilé ìwòsàn ńlá inú ìgboro nìkan ló wà.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí òṣìṣẹ́ ìlera yẹ ìyá àti ọmọ wò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Èkíní ni láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bí ọmọ. Èkejì ni ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta. Ẹ̀kẹta bọ́ sí àárín ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹrìnlá, ẹ̀kẹrin sì ni ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ẹ wo ẹ̀kẹta yẹn dáadáa. Àsìkò ìkómọjáde ni. Ilé kún, ìkòkò wà lórí iná, àlejò ń fi owó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú rúkèrúdò yìí ni a ti máa ń gbàgbé ìyá ọmọ. Orí lè máa fọ́ ọ, ojú rẹ̀ lè máa ṣú, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín fún àlejò. Ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ rántí pé ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyẹ̀wò ẹ̀kẹta bọ́ sí. Bàbá ọmọ ló yẹ kó jẹ́ ẹni náà.

Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ tí a bí ọmọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fún un ní ti ikọ́ fée ní apá òsì, ti àrùn mẹ́dọ̀wú, wọ́n á sì kán ti rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu. Ojú abẹ́rẹ́ ikọ́ fée yóò di egbò kékeré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má fi ohunkóhun sí i, yóò san fúnra rẹ̀, yóò sì fi àpá sílẹ̀. Bí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ gbé e padà. Ẹ tún gbé e padà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Lára ohun tó ń gbà ní ẹ̀ẹ̀mẹta yìí ni èyí tó ń dènà ipá, ikọ́ líle tí í gba èémí ọmọ, àti òtútù àyà. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti fi èyí tó ń dènà irú ìgbẹ́ gbuuru kan tó burú kún un. Ní oṣù mẹ́fà, fítámì A ló kàn. Ní oṣù mẹ́sàn-án, ti èéyi, ibà pọ́njú àti yírùnyírùn.

Oṣù mẹ́sàn-án yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń pa káàdì mọ́, wọ́n á ní ó ti parí. Kò tíì parí. Abẹ́rẹ́ èéyi kejì wà ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ ti ń rìn nígbà náà, ìyá ti padà sí ọjà, kò sì rọrùn láti rántí. Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kò gba àbò lára abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, tí ó jẹ́ pé ìkejì ni yóò dáàbò bò wọ́n.

Ara ọmọ lè gbóná díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, ó sì lè máa ké. Ara rẹ̀ ń kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn jà ni. Ẹ béèrè oògùn tí ẹ lè fún un lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ ojú abẹ́rẹ́, ẹ má sì torí ibà alẹ́ ọjọ́ kan fi ìyókù sílẹ̀. Àjẹsára ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí àwọn tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé kán oògùn rọpárọsẹ̀ sẹ́nu ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild poliovirus, èyí tó ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ wa di arọ, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà.

Ọmú, omi àti ọwọ́ àgbà

Kí ọmọ mu ọmú láàárín wákàtí kìíní tí a bí i. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó máa ń pọ́n díẹ̀, tó sì ki, ẹ má fún un dànù. Oògùn ni fún ọmọ. Fún oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan tó. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí gúlúkóòsì. Àwọn àgbà á ní, "Ṣé ẹ kò rí i pé ooru mú ni? Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ." Omi pọ̀ nínú ọmú ju ohun mìíràn lọ, òun náà ni yóò pa òùngbẹ. Omi tí ẹ bá fún un lè kó ìgbẹ́ gbuuru wọ̀ ọ́, á sì gba àyè ọmú nínú ikùn rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin ní ìsinmi oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù ní ọdún 2014, nítorí ọmú yìí, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ọlọ́jà, onídìrí àti aránṣọ kò ní ọ̀gá tí yóò fún wọn ní irú rẹ̀. Àwọn ni ó yẹ kí ẹbí dúró tì. Bí ìyá ọkọ tàbí àbúrò bá lè gbé ọmọ wá sí ìsọ̀ fún ọmú, ó ti ṣe iṣẹ́ ìlera láìwọ aṣọ nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, kí ọmú sì máa bá a lọ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ ògì lásán kò tó. Kí ó ki, kí ẹ sì fi edé lílọ̀, ẹyin, ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀, tàbí epo pupa díẹ̀ sí i. Bí ọmọ bá ti ju oṣù mẹ́fà, sẹ́ńtà máa ń fi tépù kan wọn apá rẹ̀. Bí tépù bá bọ́ sí pupa, ebi ti ń ba ọmọ náà jẹ́ gidi. Ẹ má ṣe bínú sí nọ́ọ̀sì tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ tẹ̀lé ohun tó bá ní kí ẹ ṣe.

Ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ jẹ́ ìbùkún. Ó ń jẹ́ kí abiyamọ sùn, ó ń se ọbẹ̀ gbígbóná, ó ń fi ọ̀rọ̀ ìtùnú ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí a ní láti fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìwọ́ ọmọ, ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù, ọṣẹ ìfọyín tàbí àgbo sí i. Ibẹ̀ ni ipá ń gbà wọlé. Ẹ béèrè jẹ́ẹ̀lì ìwọ́ tí wọ́n ń pè ní chlorhexidine ní sẹ́ńtà. Ẹ má kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, nítorí ó lè sọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan di omi, kí ojú àti ara wọn pọ́n, kí ó sì ba ọpọlọ wọn jẹ́. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí iná, ẹ má sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀

Omi tó ń jáde lára ló ń pa ọmọ, nítorí náà ẹ dá omi padà sí i. Ẹ ra àpò èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pè ní ORS ní kẹ́míìsì tàbí kí ẹ gbà á ní sẹ́ńtà. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ po àpò kan mọ́ líta omi mímọ́ kan. Píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára yóò jẹ́ líta kan. Ẹ kà á lára ọ̀rá náà kí ẹ tó lò ó, torí pé gbogbo wọn kò dọ́gba. Ẹ máa fi ṣíbí fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù. Ẹ fún un ní síńkì pẹ̀lú, oògùn 20mg kan lójúmọ́ fún ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, ìlàjì fún èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni kí ó lò ó, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá. Ẹ má dá ọmú dúró.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró. Bí ọmọ kò bá lè mu ọmú mọ́, bí ó bá ń mí gùlegùle tí àyà rẹ̀ ń wọlé, bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá jìn, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, bí ara ìkókó bá gbóná tàbí tó tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Ìyá náà lè ṣàìsàn tí kò hàn lára. Bí ó bá ń sunkún láìnídìí, tí kò rí oorun sùn nígbà tí ọmọ sùn, tí kò sì fẹ́ rí ọmọ náà sójú, tí èyí sì lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àjẹ́. Bí ó bá ń gbọ́ ohùn, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, àbísínwín ni, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní ìtọ́jú, ó sì ń san.

Àwọn kan ń bímọ ní ilé ìyá agbẹ̀bí. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ètò Àbíyè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 rán òṣìṣẹ́ ìlera lọ bá àwọn aláboyún ní ilé wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe Agbẹ̀bíyè, tí wọ́n fi ń fún àwọn ìyá agbẹ̀bí ní ẹ̀bùn kí wọ́n lè máa darí aláboyún sí ilé ìwòsàn. Ibi yòówù kí ẹ ti bí ọmọ náà, sẹ́ńtà kò ní lé e. Ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ kìíní tí ẹ bá lè gbé e.

Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá ti kọjá, ẹ má jókòó sílé nítorí ìtìjú. Nọ́ọ̀sì kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ọmọ dúró ni yóò ti bá a lọ. Ẹ mú káàdì jáde lónìí, kí ẹ ka ọjọ́ tó kàn. Bí ẹ kò bá rí i kà, ẹ mú un lọ sí sẹ́ńtà, kí nọ́ọ̀sì bá yín kà á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ ni.